Iyẹ́ pupa fẹ́ẹ̀ pa ẹyẹ yìí run, òfin ọbabìnrin ló kó o yọ!

Ẹwà a máa kó báni nígbà mìíràn. Ẹ wo ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní kura ní àwọn erékùṣù Cook, láàrin agbami òkun Pásífíìkì. Ẹbí odídẹrẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò tóbi rárá, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ewé, àyà rẹ̀ pọ́n fòò, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì rí bí iyẹ́ àlùkò. Kì í jẹ ẹyìn bíi odídẹrẹ́ ilẹ̀ wa, omi dídùn inú òdòdó ló ń lá kiri. Ahọ́n rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ lẹ́nu, bíi búrọ́ọ̀ṣì.

Pupa àyà yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí ìkóódẹ ṣe níyì lọ́dọ̀ àwọn ọba Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni iyẹ́ pupa ṣe níyì lórí àwọn ìjòyè ibẹ̀. Ni wọ́n bá dojú ọdẹ kọ kura. Wọ́n pa á títí tí kò fi ku ẹyọ kan ní gbogbo erékùṣù Cook, láti bí igba ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ní Rimatara, erékùṣù kékeré kan lábẹ́ ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Tamaeva, ọbabìnrin ibẹ̀, kéde pé èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹyẹ náà mọ́. Ọbabìnrin wàjà, àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbàgbé òfin. Ohun mìíràn tó tún kó ẹyẹ náà yọ ni pé eku dúdú, àwọn eku inú ọkọ̀ òkun tó máa ń gungi lọ jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ, kò ráyè dé ibẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ará Cook bẹ Rimatara, wọ́n sì gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n fi bààlúù gbé kura 27 lọ sí erékùṣù Atiu, níbi tí kò sí eku dúdú. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n yé, wọ́n pa.

Àfi bí ọ̀tá tuntun ṣe yọjú! Ẹyẹ máínà, tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kó wá pé kó máa jẹ kòkòrò, ló ń lu kura àtàwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti fi ìbọn àti pàkúté gbógun tì í.

Síbẹ̀, ewu ò tíì tán o. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá gbé eku dúdú méjì, akọ àti abo, wọ Rimatara tàbí Atiu, lè ba ohun tí èèwọ̀ ti ń ṣọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́.