Ìdí tí àwo orin àtijọ́ fi ń padà di tuntun, láti Adjamé Roxy dé Èkó

Ọdún 1977 ni àwo orin Ziboté jáde. Ọdún 1983 sì ni Ernesto Djédjé, ọmọ Côte d'Ivoire tó kọ ọ́, jáde láyé. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 lè gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀ lónìí, kí ó sì dà bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e jáde.

Lójú olólùfẹ́ orin, ọjọ́ tí àwo kan jáde yàtọ̀ sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ kan ni létí. Ìyàtọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Ó kan ìtàn tí a ó rántí, ó sì kan ẹni tí yóò jẹ èrè iṣẹ́ tí olórin ti ṣe sílẹ̀ kó tó kú.

Kí ló so Adjamé Roxy pọ̀ mọ́ orin?

Adjamé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn agbègbè tí èrò pọ̀ sí jù ní Abidjan. Ara ilé sinimá kan ni àdúgbò Roxy ti gba orúkọ rẹ̀. Lóde òní, oògùn tí wọ́n ń tà lójú pópó ló sọ ọjà Roxy di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ìjọba sì ti ń bá òwò náà jà tipẹ́.

Ṣùgbọ́n Adjamé náà ni ibùdókọ̀ ńlá wà, níbi tí èrò ti ń wọkọ̀ lọ sí ìgbèríko. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni orin náà ń gbà. Awakọ̀ tó bá ń lu kásẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ rédíò fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Ànàgó. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọjà lọ ni wọ́n ń gbé orin ilé dání.

Báwo ni Ziboté ṣe kan Èkó?

Ẹgbẹ́ Ivoiro Star, tí Amédée Pierre ń darí, ni Djédjé ti ta gìtá kó tó gba Paris lọ. Nígbà tó yá, ó mú ijó tohourou ti àwọn ará Bété, ó sì lú u pọ̀ mọ́ ìlù ìgbàlódé. Ziglibithy ni ó pe orin náà.

Èkó ni wọ́n ti gba ohùn Ziboté sílẹ̀, abẹ́ orúkọ Badmos ni ó sì ti jáde. Ẹni tó bá kan gbọ́ orin náà lórí fóònù lásán lè má mọ èyí. Ẹni tó bá yẹ páálí àwo náà wò ni yóò rí i pé orin tí gbogbo Côte d'Ivoire ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ ti gba ọwọ́ ará Nàìjíríà kọjá.

Kí ni títo àwo ní ọdún-dé-ọdún ń kọ́ ni?

Ẹni tó bá gbọ́ orin Abidjan ní títẹ̀léra ọdún yóò gbọ́ bí ìlú náà ṣe ń yí padà. Lọ́dún 1982, Alpha Blondy gbé Jah Glory jáde. Nínú rẹ̀ ni Brigadier Sabari wà, orin tó sọ nípa ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ ará ìlú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Yopougon fi zouglou sọ ìṣòro ara wọn. Lọ́dún 1999, Magic System kọ Premier Gaou, ìtàn ọkùnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ nígbà tí kò ní lọ́wọ́, tó sì padà wá nígbà tí òkìkí dé. Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2002, coupé-décalé gbòde, Douk Saga sì ni èèkàn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àgbọ́túngbọ́ fi níye lórí. Ẹni tó jó sí Premier Gaou nígbà èwe lè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ nígbà tó bá di baba ọlọ́mọ. Orin kò yí padà, ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ti dàgbà.

Ní Nàìjíríà náà, fíìmù Ayinla tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 2021 tún sọ orin Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà tó kú lọ́dún 1980, di ohun tí àwọn ọmọdé ń wá kiri.

Kí ló lè sọ àwo orin nù?

Ọ̀tá kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rinrin. Téèpù inú rẹ̀ a máa hu èbu, ohun tí ohùn lẹ̀ mọ́ a sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Oòrùn a máa ká rẹ́kọ́ọ̀dù kò. Bí téèpù àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ orin bá bàjẹ́, rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní yàrá rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù.

Ayélujára ń ran ìpamọ́ lọ́wọ́, àmọ́ kì í pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, orin nìkan ni wọ́n ń gbé sókè, láìsí orúkọ onílù, ọdún tó jáde tàbí ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

Ta ló ń jèrè rẹ̀?

Nígbà mìíràn, olórin fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Analog Africa ti Jámánì tún gbé orin àtijọ́ Benin àti Togo jáde lọ́dún 2008, ayé tún wá Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou kiri. Ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní Yúróòpù, wọ́n sì gbé àwo tuntun, Cotonou Club, jáde lọ́dún 2011. Mélomé Clément tó dá a sílẹ̀ rí ọjọ́ náà kó tó kú lọ́dún 2012.

Kì í ṣe gbogbo olórin ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀tọ́ orin pín sí: ti ẹni tó kọ ọ́, àti ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, àjọ BURIDA ló ń gba owó fún àwọn tó ni iṣẹ́. Àmọ́ níbi tí ìwé àdéhùn bá ti sọnù, ó ṣòro fún ọmọ olóògbé láti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ hàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwo àtijọ́ nílé ní iṣẹ́ kékeré kan láti ṣe. Kí ó gbé e kúrò níbi oòrùn àti omi, kí ó ya àwòrán páálí rẹ̀ níwá-lẹ́yìn, kí ó sì kọ orúkọ, ọdún àti ìlú tó wà níbẹ̀ mọ́ orin náà nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Orúkọ tó bá wà lákọsílẹ̀ ni àwọn ọmọ olórin lè tọ́ka sí nígbà tí owó bá dé.