Agolo Agbọ́ìlì: Ǹjẹ́ Mọ́tò Eré Wa Nílò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn eré sísá nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kan bàbá tí ọmọ rẹ̀ ra mọ́tò, ó sì kan ìyá tí ń fi mọ́tò kó ọjà. Owó ilé ni a fi ń tún mọ́tò ṣe, mọ́tò yìí kan náà ni ó sì ń gbé ẹ̀mí wa lọ sí ilé nígbà ọdún.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ra mọ́tò eré ní tòkunbọ̀, irú Volkswagen Golf GTI tàbí BMW tí ó ní tọ́bò. Bí mọ́tò náà bá ti dé ọwọ́ wọn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wá agolo kékeré kan tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Oil catch can ni Òyìnbó ń pè é. Àwa yóò pè é ní agolo agbọ́ìlì. Àwọn kan ní bí kò bá sí i, ẹ́ńjìnnì yóò bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Èwo ni kí a gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí agolo náà ń gbà. Nígbà tí pẹtiróòlù bá gbiná lórí písítìnì, agbára iná náà ni ó ń ti písítìnì lọ sísàlẹ̀. Ríìngì ni ó yí písítìnì ká kí agbára náà má ba à jò. Ṣùgbọ́n kò sí ríìngì tí ó lè dí i pátápátá. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná náà yóò yọ́ kọjá bọ́ sí ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì wà. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò kún ibẹ̀ títí yóò fi ti síìlì jáde, ọ́ìlì yóò sì máa jò. Nítorí náà, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni ó gbọ́dọ̀ mí.

Láyé àtijọ́, páìpù kan ni ó ń da èémí yìí sí ojú títì. Ní 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáfù kan tí a ń pè ní PCV sí mọ́tò tuntun ní California ní Amẹ́ríkà, nítorí èéfín tí ó bo ìlú Los Angeles. Nígbà tí ó fi di 1963, ó ti dé inú mọ́tò tuntun káàkiri Amẹ́ríkà. Fáfù yìí ń dá èémí náà padà sí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa atẹ́gùn, kí ó lè jó tán pẹ̀lú epo. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nínú mọ́tò wa títí di òní. Àléébù rẹ̀ ni pé èémí náà máa ń gbé ìkùukùu ọ́ìlì dání. Àárín ọ̀nà yìí ni a ń fi agolo agbọ́ìlì sí, kí ó gba ọ́ìlì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ sì kọjá.

Ta ni ó wá nílò rẹ̀ ní tòótọ́? Àwọn tí ń sá eré ìje ni àkọ́kọ́. Bí mọ́tò bá ń fi eré burúkú yí kọ́nà, ọ́ìlì inú rẹ̀ yóò máa dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò sì bá èémí jáde. FIA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ìje mọ́tò ní àgbáyé, kọ ọ́ sínú òfin pé mọ́tò ìje tí èémí ọ́ìlì rẹ̀ ń jáde síta gbọ́dọ̀ ní agolo tí ó gba lítà 2 bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá ju 2,000 cc lọ, àti lítà 3 bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yìí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì dà sí ojú ọ̀nà ìje, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má ba à yọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Kánò sí Kàdúná kì í ṣe pápá ìje, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ń gba epo tààrà sínú sílíńdà. Nínú ẹ́ńjìnnì ti tẹ́lẹ̀, nọ́súlù ń fín epo sí ẹ̀yìn fáfù, epo náà a sì máa fọ fáfù bí ó ti ń kọjá. Ní 1996, Mitsubishi gbé mọ́tò tí ń fín epo tààrà sínú sílíńdà jáde fún títà ní Japan, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Golf GTI tí ó jáde láti 2004 wà lára wọn. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, kò sí epo tí ń fọ fáfù mọ́, ìkùukùu ọ́ìlì a sì máa gan mọ́ ọn lára bí èédú ìdí ìkòkò. Agolo tí ó dára lè dín ìyẹn kù. Kò lè fòpin sí i, kò sì lè ha èyí tí ó ti gan tẹ́lẹ̀ kúrò. Nínú Toyota GT86 tí ó jáde ní 2012, oríṣi nọ́súlù méjèèjì ni wọ́n fi sí i, kí epo lè tún máa fọ fáfù.

Bí ẹ́ńjìnnì rẹ bá jẹ́ ti àtijọ́, tí nọ́súlù rẹ̀ ń fọ fáfù, tí o kì í sì sá eré ìje, má ṣe náwó sí agolo yìí.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì níhìn-ín ju àìsí agolo lọ ni eruku. Bí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn gbé eruku aginjù Sàhárà wá bo Kánò, eruku náà ni mọ́tò wa ń fà sínú. Bí ó bá rí àyè kọjá fílítà atẹ́gùn, yóò máa rin ríìngì àti ara sílíńdà bí ìgbà tí a ń fi yanrìn ha ìkòkò. Ríìngì tí ó ti jẹ kò lè dí afẹ́fẹ́ mọ́, èémí ikùn ẹ́ńjìnnì yóò sì di ìlọ́po. Ó ṣeni láàánú pé àwọn kan a yọ àpótí fílítà tí ilé iṣẹ́ ṣe, wọn a fi fílítà gbangba olówó pọ́ọ́kú dípò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa ké, lẹ́yìn náà wọn a wá agolo agbọ́ìlì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún olè, wọ́n wá ń ra àgádágodo fún fèrèsé.

Agolo tí ó bá ń yára kún, àìsàn ẹ́ńjìnnì ni ó ń fi hàn. Ẹ wo Toyota Camry 2007 sí 2009 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, èyí tí a ń pè ní Muscle. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ọ́ìlì nítorí ríìngì àti písítìnì. Toyota fa àkókò ẹ̀rí gùn fún àwọn tí ó ni wọ́n ní Amẹ́ríkà, ó sì pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì fún wọn nígbà náà. Kò fún wọn ní agolo.

Ní Rélùwéè náà, ẹ̀kọ́ kan wà lára ẹ́ńjìnnì dísù tí General Motors ṣe. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí ń ṣọ́ èémí ikùn ẹ́ńjìnnì. Bí èémí náà bá lágbára jù, bọ́tìnnì yóò ta jáde, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú, bí ó tilẹ̀ ń fa ẹrù lọ́wọ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í kàn tẹ̀ ẹ́ padà kí ó máa lọ. Yóò kọ́kọ́ wá ohun tí ó fà á. Púpọ̀ nínú mọ́tò wa kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Ojú wa ni kí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, kí a tó ra agolo, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́rin. Kí a wo géèjì ọ́ìlì ní òwúrọ̀ kí a tó tan ẹ́ńjìnnì, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a tún wò ó lẹ́yìn 1,000 kìlómítà. Kí a ṣí ìdérí ojú ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Èéfín díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń tú jáde bí èéfín ìdáná, ríìngì ni kí a fura sí. Kí mẹkáníìkì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Kí a wo fáfù PCV bóyá ó ti dí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò Toyota àti Honda, nǹkan kékeré tí a lè tètè pààrọ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí òun náà yẹ ìwọ̀nyí wò kí ó tó sanwó.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, tí ẹ́ńjìnnì náà sì jẹ́ irú èyí tí agolo wúlò fún, kí a ra èyí tí ó ní asẹ́ nínú, kì í ṣe agolo òfìfo. Kí ihò rọ́bà rẹ̀ má ṣe kéré sí ti ilé iṣẹ́, nítorí bí èémí bá há, síìlì yóò fọ́. Kí a má ṣe so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ǹsà tí ó gbóná, nítorí ọ́ìlì tí ó bá kán sí i lè gbiná. Kí a máa dà á nù kí ó tó kún. Ohun inú rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ omi àti pẹtiróòlù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí a má sì dà á sínú gọ́tà àdúgbò wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mọ́tò tí ó dára yẹ yín. Ṣùgbọ́n kí owó àkọ́kọ́ lọ sí fílítà, ọ́ìlì, táyà àti bíréèkì. Ọ̀nà Kàdúná, Tegina, Mọ́kwá àti Jẹ́bà dé Ìlọrin jìn púpọ̀, àwọn òbí yín sì ń retí yín. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo wa ní àlọ àti àbọ̀.