Ìdíyelé Ohun Ọ̀ṣọ́ Halloween Àtijọ́
Bébà ni ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún Halloween, 31 oṣù Ọ̀wàwà, láyé ọjọ́un. Bí ayẹyẹ bá ti parí, ààtàn ló kàn. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù fi gbówó lórí. Fìtílà olórí elégédé tó wá láti Jámánì níyì púpọ̀, pàápàá bí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú àti ẹnu rẹ̀ kò bá tíì jóná, nítorí àbẹ́là ni wọ́n ń tàn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayédèrú wà. Òǹtẹ̀ ‘Germany’ nìkan kò tó ẹ̀rí. Iná ultraviolet sàn jù: bébà tí a ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì sábà máa ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́, àwòrán tuntun lórí bébà àtijọ́ ṣì lè tan òǹrajà jẹ.