Final Fantasy VII Lójú Olùtumọ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Square ní ilẹ̀ Jàpáànì gbé Final Fantasy VII jáde fún ẹ̀rọ PlayStation. Àwo mẹ́ta ni ó gbà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n sì ti tà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Géèmù tí ìtàn gbé dúró ni. Ẹni tí ó mú bọ́tìnnì lọ́wọ́ ni ó ń mú ẹ̀dá ìtàn rìn, òun ni ó ń yan ohun ìjà fún un, òun náà ni ó sì ń pinnu bí yóò ṣe jà. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “ipa” ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ lórúkọ, nítorí náà “géèmù akópa” bá a mu ní Yorùbá. Bí wọ́n bá pe ẹni tí ń ṣe é ní “òṣèré”, ọkàn yóò lọ sọ́dọ̀ Ògúndé àti Dúró Ládiípọ̀. “Akópa” kò ní ìṣòro yẹn.

Ẹni tí ó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní ọdún 1938, kò ní ṣe àjèjì sí ahunpọ̀ ìtàn yìí. Gẹ́gẹ́ bí Àkàrà-Oògùn ti bá àwọn akọni lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí ó jẹ́ pé kùmọ̀ ni ti Kàkó, ọfà ni ti Ẹfọ̀ìyẹ̀, ohùn dídùn sì ni ti Olóhùn-Iyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Cloud, jagunjagun tí ń gba owó jà, bá àwọn ẹlòmíràn rìn: Barret tí ìbọn wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kan yẹ kí ó wà, Tifa tí ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà, Aerith tí ń wo ọgbẹ́ sàn, àti àwọn mìíràn. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Shinra ni ọ̀tá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fa Mako, agbára ìyè, jáde láti inú ilẹ̀. Ó ń fi í pèsè iná mànàmáná fún ìlú Midgar, ilẹ̀ tí ó yí ìlú náà ká sì ti kú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí epo rọ̀bì fi ojú ilẹ̀ Ògóni rí kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ọ̀nà ìsọ̀tàn rẹ̀ ni ó lágbára jù. Ohun tí ojú Àkàrà-Oògùn rí ni ó ń sọ. Ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbà á gbọ́, òǹkàwé náà sì gbà. Ti Cloud kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Kalm, ó jókòó, ó ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí òun àti Sephiroth, akọni tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, ṣe lọ sí Nibelheim, ìlú tí wọ́n ti bí Cloud, ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ó ní òun wà lára àṣàyàn ọmọ ogun. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni akópa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: òun ni ó ń gun òkè, òun ni ó ń wọ ilé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí ni àṣírí tú pé ẹlòmíràn tí ń jẹ́ Zack ni ó wà ní ipò yẹn, pé ọmọ ogun lásán tí ó fi akoto bo ojú ni Cloud ní ọjọ́ náà, àti pé ìrántí ẹlòmíràn ti wọ inú tirẹ̀. Òǹkàwé ìwé lè sọ pé wọ́n purọ́ fún òun. Akópa kò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé ọwọ́ òun náà wà nínú irọ́ náà. Èyí kọjá ohun tí ìwé lè ṣe, ó sì kọjá ti eré orí ìtàgé.

Ikú Aerith ní ìparí àwo kìíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Sephiroth fi idà gún un níbi tí ó ti ń gbàdúrà. Oró ikú náà kò mọ sí ojú lásán, torí pé ìwòsàn ni ẹ̀bùn Aerith lójú ìjà. Nígbà tí ó lọ tán, àyè rẹ̀ ṣófo, ó sì di dandan kí akópa wá ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àléébù tí ó tóbi jù ti fara hàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyẹ́ ẹyẹ kan ti wà lọ́jà, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó ń jí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣubú lójú ìjà. Akópa lè ti lò ó fún Aerith ní ogún ìgbà. Ní ọjọ́ ikú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mú un jáde nínú àpò, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀. Ìjà ní òfin tirẹ̀, ìtàn ní òfin tirẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn àléébù mìíràn kò tó èyí. Ìjà máa ń já lu akópa láìròtẹ́lẹ̀ bí ó ti ń rìn, títí yóò fi gbàgbé ibi tí ó ń lọ. Òkúta agbára tí ń jẹ́ Materia ṣe é fi sínú ohun ìjà ẹnikẹ́ni, èyí sì ń sọ àwọn akọni náà di ọ̀kan náà, ohun tí Fágúnwà kò jẹ́ ṣe: kò sí ẹni tí ó lè gba ohùn Olóhùn-Iyọ̀ fún Kàkó. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ ti ń sanwó ṣe géèmù ní Èkó àti Ìbàdàn, géèmù bọ́ọ̀lù ni ó gba iwájú. Kò yani lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù a parí ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìtàn ọlọ́pọ̀ wákàtí ń fẹ́ káàdì ìpamọ́, ó sì ń fẹ́ iná tí kò ní lọ lójijì.

Ti èdè ni ó kan olùtumọ̀ jù. Nínú ìjà ńlá àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe bí àkekèé dojú kọ Cloud àti Barret. Ohun tí ti Jàpáànì wí ni pé bí wọ́n bá kọlù ú nígbà tí ìrù rẹ̀ wà lókè, yóò fi ìtànṣán iná gbẹ̀san. Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1997 gé “bí” kúrò, ó sọ ìkìlọ̀ di àṣẹ: kí wọ́n kọlù ú nígbà tí ìrù rẹ̀ bá wà lókè. Akópa tí ó ṣe ìgbọràn jẹ ìyà. Níbòmíràn, Aerith fi ọ̀rọ̀-ìṣe ọlọ́pọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ kò yá. Barret, ẹni dúdú kan ṣoṣo láàrin àwọn akọni náà, ni wọ́n kó èébú àti ọ̀rọ̀ gígé sí lẹ́nu jù. Olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀ka-èdè kan gbé irú ìwà bẹ́ẹ̀ yọ ní Yorùbá, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú tàbí Ìgbómìnà, kí ó múra de àwọn tí yóò wá bi í léèrè.

Àwọn ará Áfíríkà ti ń ṣe irú géèmù yìí fúnra wọn. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kiro’o Games ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Ó kọ́ ọ̀nà ìjà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànì, ìtàn ọba àti olorì Áfíríkà tí wọ́n lé kúrò nílùú ni ó sì sọ. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbé e jáde. Bí ẹnì kan yóò bá fi irú rẹ̀ sí Yorùbá lọ́la, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ti ẹ̀mí àwọn òkú. Nínú Final Fantasy VII, ẹ̀mí a máa padà sínú odò ìyè kan nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni ìyè tuntun sì ti ń jáde. Ó rọrùn láti pè é ní “àtúnwá”. Ṣùgbọ́n ìdílé ni àtúnwá Yorùbá wà fún: Babátúndé mọ ilé tí ó ń padà sí. Ẹ̀mí inú géèmù yìí kò mọ ilé. Ó ti yòrò mọ́ ti àwọn yòókù. “Ìṣàn-ẹ̀mí” sàn jù, bí ó tilẹ̀ gbẹ díẹ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n bá pe Materia ní “oògùn” tàbí “ońdè”, wọ́n ti sọ Cloud di oníṣègùn. Kí wọ́n kọ ọ́ ní “Mátẹ́ríà”, torí pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará Jàpáànì pàápàá. Ní ti ìjà, ayò ti ṣe iṣẹ́ sílẹ̀: ó yí kàn ọ́, ó yí kàn mí. “Ìjà ayíkàn” yóò yé ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọpọ́n rí, àfi pé ọ̀tá inú géèmù yìí kì í ní sùúrù bí atayò.

Orúkọ Aerith fúnra rẹ̀ kù. Èdè Jàpáànì kò ní ohùn tí ó parí orúkọ náà, “s” ni wọ́n sì fi ń dípò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1997 gbà á bẹ́ẹ̀, ó kọ “Aeris”. Nígbà tí ó fi di ọdún 2002, nínú Kingdom Hearts, ó ti di “Aerith”, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà nínú àtúnṣe géèmù náà tí ó jáde ní ọdún 2020. Yorùbá náà kò ní ohùn yẹn, ṣùgbọ́n “t” ni Bíbélì fi dípò rẹ̀ nínú Rúùtù àti Mátíù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1997 yóò kọ “Ẹ́rísì”, ẹni tí ó bá mú ti ọdún 2020 yóò kọ “Ẹ́rítì”, obìnrin kan náà sì ni.