Ẹsẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Jọ Tèèyàn, Kì Í Ṣe Orí

Tẹ́nì kan bá bi yín pé kí ló kọ́kọ́ yà wá sọ́tọ̀ lára ìnàkí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á ní ọpọlọ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà láyé ọjọ́un náà nìyẹn, ó sì kó bá wọn.

Lọ́dún 1912, wọ́n gbé agbárí kan jáde láti Piltdown, ní England, wọ́n ní ti baba ńlá wa ni. Orí ńlá bíi tèèyàn, àgbọ̀n bíi ti ìnàkí. Nígbà tó di 1925, Raymond Dart kéde agbárí ọmọdé kan láti Taung, ní South Africa. Ó ní ọpọlọ rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní London kò gbà. Ọdún 1953 ni àṣírí tú: ayédèrú gbáà ni ti Piltdown!

Lójú tèmi, eegun Lucy ló parí ìjà yìí. Hadar, ní Ethiopia, ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1974, ó sì ti lò tó mílíọ̀nù 3.2 ọdún. Nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 eegun ara rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè fi apá rẹ̀ wé ẹsẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ká ní eegun itan yín gùn tó 100, eegun apá yín, láti èjìká dé ìgúnpá, á tó bíi 70. Ti ìnàkí, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti Lucy, bíi 85. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kúrú, àmọ́ ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ fi hàn pé ó ń nàró rìn. Ọpọlọ rẹ̀ ńkọ́? Kò tó ìdajì tiwa.

Lọ́dún 1984, Kamoya Kimeu, ọmọ Kenya, rí eegun ọmọkùnrin kan nítòsí adágún Turkana, tó ti lò tó mílíọ̀nù 1.5 ọdún. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ti gùn bíi tiwa, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn rin ọ̀nà jíjìn láì tètè rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò tíì tó tiwa.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìdúró ló kọ́kọ́ yí padà, ẹsẹ̀ wá gùn, orí ló gbẹ̀yìn kó tó tóbi tó báyìí. Ẹ̀rí ọ̀hún ti jáde nílẹ̀ Áfíríkà láti 1925. Àwọn tó ń wá orí ńlá ni ò rí i.