Pápá Ẹ̀yìn Abúlé: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọ?

 Láti Kétu dé Sábẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera pàdé nínú pápá lónìí. Pápá tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibi tí koríko bẹẹrẹ ti ń hù ni, tí igi òrí àti igi ìrú dúró káàkiri, tí oníkálukú ń wọ̀, tí ẹnì kan kì í bi í léèrè.

Ẹ wò ó, ìyá tó ń ta òrí kò gbin igi òrí. Ìyá onírù náà, bàbá rẹ̀ kọ́ ló gbin igi ìrú. Ohun tó hù fúnra rẹ̀ là ń jẹ. Igi òrí kan sì lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Tí a bá gé àgbà, tí iná sì ń jó ọmọ lọ́dọọdún, kí la máa gbé lọ sọ́jà?

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iná yẹn. Iná kò jọra o. Èyí tí wọ́n bá dá ní oṣù 11, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára, ó máa ń rọra jó nílẹ̀, á fo ibòmíì sílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ ní oṣù 2, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, á jó dé orí igi. Ìgbà yẹn gan-an ni igi òrí àti igi ìrú ń tanná. Òdòdó tó bá jóná kò ní di èso mọ́. Ọdẹ tó ń lé òkété ń dáná, darandaran tó ń wá koríko tútù ń dáná, àgbẹ̀ tó ń sun oko náà ń dáná. Ẹ má wulẹ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru Fúlàní. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣọ́ pápá láìgba owó, kí ọyẹ́ tó mú, wọ́n á ro ọ̀nà kan yí i ká, kó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ 10, wọ́n á gbá koríko gbígbẹ kúrò níbẹ̀. Iná tó bá dé ibẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ sun ẹ̀gbẹ́ kan, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí atẹ́gùn ti rọlẹ̀, tí wọ́n sì ti wí fún olórí abúlé àti àwọn aṣọ́gbó ìjọba. Òfin igbó ọdún 1993 kò gbà kí èèyàn kàn máa sungbó bó ṣe wù ú. Àwọn ọdẹ ni kí ẹ fi ṣáájú iṣẹ́ yìí: wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n mọ atẹ́gùn. Tí ẹ bá yọ wọ́n sílẹ̀, àwọn náà lẹ máa padà lé kiri.

Ti egbògi ló dùn mí jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń hú orin àta! Ẹni tó bá hú gbòǹgbò ńlá ti pa igi. Gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gé, ní apá kan ṣoṣo, kí ẹ fi erùpẹ̀ bò ó padà. Èèpo náà, ẹ má bó o yí igi po. Igi tí a bó yíká ti kú ná, ewé rẹ̀ ni kò tíì mọ̀. Ìpẹta ní tirẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ní májèlé, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń hú tà. Egbògi ò sì ní ká má tètè gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sílé ìwòsàn o.

Tó bá di ọjọ́ 1 oṣù 6, ọjọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún gbígbin igi, ẹ má dúró de tíìkì nìkan. Tíìkì dára, ṣùgbọ́n ta ló ń fi í se ìrú? Kóró òrí kì í pẹ́ kú, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá já ni kí ẹ gbìn ín. Ti ìrú, èèpo rẹ̀ le. Ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Kí ẹ tó tú ká lónìí, ẹ yan ẹni tí yóò lọ bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa ro ọ̀nà yí pápá yín ká. Ọyẹ́ ti ń bọ̀.