Fáàfù Bọ́ílà: Ẹ Má Fi Ojú Lásán Rà Á
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń fi ooru bọ́ílà se ẹyìn, kí ẹ tó ra fáàfù tí ń tú ooru sílẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ara bọ́ílà yín. Bí ó bá ní kò gbọ́dọ̀ ju bar 10 lọ, fáàfù tó ń ṣí ní 12 kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó pọ́kú tó.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Bí bọ́ílà bá ń pèsè ooru kílò 500 ní wákàtí kan, fáàfù gbọ́dọ̀ lè tú gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ẹnu rẹ̀ bá kéré, yóò ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára inú á ṣì máa gòkè, bọ́ílà sì lè bú gbàmù. Àwọn ọlọ́jà kan á ní bó bá ti wọ páìpù, ó parí. Irọ́ ni! Ẹ má sì fi kọ́ọ̀kì kankan sáàárín òun àti bọ́ílà. Ẹnìkan lè tì í.